Bí Mo Ṣe Fi Ọwọ́ Mi Parọ́ fún Osterfield

                                                418, Òpópónà Cottonwood,
                                                Tilden Grove,
                                                Iowa.
                                                Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kọkànlá, ọdún 2018.

Emmett, ọ̀rẹ́ mi tó ti di ọmọ ìyá,

Ẹ kú ooru aṣálẹ̀ yẹn o. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Marguerite ńkọ́? Ṣé orúnkún tuntun tí wọ́n fi sí i lẹ́sẹ̀ ti ń gbé e rìn dáadáa? Àwọn ọmọ ọmọ yín ńkọ́, àti ajá arúgbó yẹn, ṣé ó ṣì ń gbó òjìji ara rẹ̀? Tiwa níhìn-ín dára. Òtútù ti dé, àwọn àgbẹ̀ ti kó àgbàdo kúrò lóko tán, Lorene ìyàwó mi sì ti kó aṣọ òtútù jáde nínú àpótí. Èmi náà ń jẹ, mo ń sùn, mo ń rìn. Ojú ọgbẹ́ ọ̀fun mi ti jinná. Ihò kékeré tó wà nísàlẹ̀ ọrùn mi ni mo fi ń mí, mo sì ti mọ bí a ṣe ń fi áńkáṣíìfù bò ó kí àwọn ọmọdé má baà sá fún mi ní ṣọ́ọ̀bù.

Mo fẹ́ ròyìn bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí a gbá ní Sátidé fún ọ. Bí o bá kà á nínú ìwé ìròyìn, iye àmì nìkan lo máa rí, iye àmì kò sì sọ nǹkan kan. Bu kọfí rẹ kí o jókòó, nítorí ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀.

O mọ̀ pé oṣù Kejì ni àwọn dókítà gé àpótí ohùn mi kúrò pẹ̀lú jẹjẹrẹ tó wà níbẹ̀. Wọ́n fún mi ní ẹ̀rọ kan tí mo lè gbé ti ọrùn kí n fi máa sọ̀rọ̀. Ó ń dún bí eṣinṣin tó há sínú agolo. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e dé pápá, àwọn ọmọ mi fún ẹnu pọ̀ kí wọ́n má baà rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín ni, ì bá sàn fún mi. Mo sọ ẹ̀rọ náà sínú dúrọ́ọ̀, n kò sì tún mú un jáde mọ́.

Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń pe eré fún kọ́lẹ́ẹ̀jì wa. Gaines Whitlow ni ọ̀gá kóòṣì, ṣùgbọ́n bí bọ́ọ̀lù bá ti wà lọ́wọ́ tiwa, èmi ni mo ń sọ bí àwọn mọ́kànlá yóò ṣe tò, ẹni tí yóò gbé bọ́ọ̀lù, àti ẹni tí yóò ṣe bí ẹni pé òun ló gbé e. Ariwo ni mo fi ń ṣe é. Ìwọ náà mọ ohùn mi nígbà náà. Lorene máa ń sọ pé òun ń gbọ́ mi láti ilé bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ wá sápá ibí.

Nínú oṣù Kẹjọ, Gaines wá bá mi ní ilé ìdáná. Ó ń yí ife kọfí rẹ̀ káàkiri lórí tábìlì, kò mu ún.

Ó ní, “Verlin, o mọ̀ pé ìwọ ni mo bá dé ibi tí mo dé. Ṣùgbọ́n ogójì ìṣẹ́jú àáyá ló wà láàárín eré kan sí èkejì. Kò sí àyè kí èèyàn máa kọ̀wé. Mo fẹ́ kí Brice máa pè é lọ́dún yìí, kí ìwọ máa gbà á nímọ̀ràn.”

Brice ni ọ̀dọ́kùnrin kóòṣì wa kan, ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Ọmọ dáadáa ni, àfi pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀ ju èèyàn lọ.

Kí n tó rí bírò, Lorene ti dá a lóhùn. “Gaines, ṣé ọ̀fun rẹ̀ ni wọ́n gé ni, àbí orí rẹ̀?”

Gaines wolẹ̀. Mo kọ ọ́ sínú ìwé pé kó fún mi lọ́sẹ̀ mẹ́ta kí n fi wá ọ̀nà mìíràn tí n óò fi máa pè é. Ó kà á, ó mí kanlẹ̀, ó ní, “Ó dáa. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá gún, mo gbà títí di ọjọ́ tí a óò bá kọ́lẹ́ẹ̀jì Osterfield gbá. Ohun tí ojú wa bá rí lọ́jọ́ yẹn la ó fi mọ tọdún tó ń bọ̀.”

Lẹ́yìn tó lọ tán, mo jókòó síbẹ̀ pẹ́. Ẹ̀rù bà mí, Emmett. Bí wọ́n bá gba pípe eré lọ́wọ́ mi, kí ló kù tí mo mọ̀ ọ́n ṣe?

Lọ́jọ́ kejì ni atọ́kùn wa wá kanlẹ̀kùn, ọmọ tí bọ́ọ̀lù ń kọ́kọ́ bọ́ sí lọ́wọ́ nínú gbogbo eré. Anton Vavra ni orúkọ rẹ̀, ará Cedar Rapids, ọmọ ogún ọdún. Ó ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ní, “Kóòṣì, adití ni ìyá mi láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí wọn. Ọwọ́ la fi ń sọ̀rọ̀ nílé. Tí ẹ bá fẹ́, wọ́n lè wá máa kọ́ yín.”

Bẹ́ẹ̀ ni Ludmila Vavra ṣe wọ ilé wa ní ọjọ́ Túsìdeè kan, tí ìyẹ̀fun ilé búrẹ́dì tó ti ń ṣiṣẹ́ ṣì wà lápá aṣọ rẹ̀. Ó gbé páálí kolache dání, àkàrà rírọ̀ roboto tí wọ́n fi èso dídùn sí láàárín. Ó gba ọwọ́ mi méjèèjì, ó yẹ̀ wọ́n wò bí ẹni tó fẹ́ ra ẹṣin, ó sì fi ọwọ́ tirẹ̀ sọ nǹkan kan. Anton kò fẹ́ túmọ̀ rẹ̀.

Lorene ní, “Kí ni wọ́n wí?”

Anton ní, “Wọ́n ní ìka Kóòṣì dà bí sọ́séèjì. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí Kóòṣì kọ́kọ́ jẹun ná, pé ọwọ́ tí ebi ń pa kì í sọ̀rọ̀ tó dáa.”

Túsìdeè, Tọ́sìdeè, a kò ṣíwọ́. Gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kọ́ ọ, títí dé àwọn géńdé iwájú tí o máa rò pé ìka wọn kò lè tẹ̀. Ludmila fún ìdúró kọ̀ọ̀kan ní àmì. Abà ni ìdúró tí gbogbo wa á ti fún pọ̀ mọ́ra, tí àwọn asáré mẹ́ta á wà lẹ́yìn atọ́kùn. Ọgbà ni èyí tí a óò fọ́n káàkiri gígùn pápá, tí Anton nìkan á dá dúró sẹ́yìn. Mo ṣàlàyé fún un pé ìbéèrè ni ìdúró jẹ́. Bí a bá tò sí Abà, à ń bi àwọn ọ̀tá pé, ṣé ẹ rò pé àárín la fẹ́ gbà? Ibi tí wọ́n bá sún mọ́ ni ìdáhùn wọn. Ẹni tó mọ eré í pè ni ẹni tó bi wọ́n ní ìbéèrè kan náà títí wọ́n fi rò pé àwọn ti mọ ìdáhùn. Ó yé e kíákíá. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni òun ṣe máa ń nájà.

Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, ọwọ́ mi ti yára ju ẹnu mi àtijọ́ lọ. Gaines wò wá fún ọjọ́ kan péré, ó mi orí, ó gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ. A gba mẹ́fà nínú ìdíje mẹ́sàn-án. Ìṣòro kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ ni pé Ludmila ń gbọ́ gbogbo ohun tí mo bá pè láti ibi ìjókòó òǹwòran, kò sì lè pa á mọ́ra. Á dìde dúró láàárín èrò, á fi ọwọ́ ké sí mi pé, “Àárín lẹ tún fẹ́ gbà? Ògiri ni o!” Èmi náà á fi ọwọ́ dá a lóhùn pé, “Ẹ jókòó, ẹ̀yin obìnrin yìí.” Ojú á máa ti Anton.

Ṣùgbọ́n n kò ní í fi tèmi pamọ́ fún ọ. O mọ̀ mí. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, n kò gbà fún atọ́kùn kankan rí kó yí eré tí mo bá pè padà. Nínú ìdíje kẹrin, Anton rí àyè kan lápá òsì, ó yí tèmi padà, ó jù ú síbẹ̀, a sì jèrè ogójì yáàdì. Mo yọ ọ́ kúrò lórí pápá fún odindi ìdá kan nínú mẹ́rin ìdíje náà. Lẹ́yìn rẹ̀, ìyá rẹ̀ dúró dè mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ mi. Kò bínú. Ó rọra sọ ọ́, kí ojú mi lè bá a.

Ó ní, “Ẹ kọ́ èdè wa, ó dára. Àṣẹ nìkan lẹ ń fi pa. Èdè tí ẹnì kejì kò lè fi fèsì, èdè kọ́ nìyẹn.”

Mo ní mo ti gbọ́. N kò tíì gbọ́.

Ó wá di Sátidé, Osterfield dé. O mọ ohun tí Osterfield jẹ́ fún wa. Agolo wàrà àtijọ́ tí ẹni tó bá borí máa ń gbé lọ sílé, ọdún mọ́kànlá nìyí tí a kò ti fojú kàn án. Àwọn ènìyàn kún pápá, oòrùn ràn, afẹ́fẹ́ tutù bí omi kànga. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo pe eré àkọ́kọ́, wọ́n sì dì wá mú níbẹ̀. Mo pe èkejì, wọ́n ti dúró síbi tí à ń lọ kí a tó dé ibẹ̀. Mo ní Abà, wọ́n kó ara wọn sí àárín. Mo ní Ọgbà, kí Anton ju bọ́ọ̀lù sí ìgun ọ̀tún, àwọn méjì ti ń dúró dè é níbẹ̀ bí ẹni tó ń retí bọ́ọ̀sì. Nígbà tí a fi máa sinmi ìdajì, mẹ́rìnlá ni tiwọn, mẹ́ta ni tiwa. Gaines kò bú mi. Ó kàn ń wò mí bí èèyàn ṣe ń wo màlúù tó ń ṣàìsàn.

Bí a ti ń lọ sí yàrá, mo rí Ludmila níbi irin tó yí pápá ká. Ọkùnrin tó ń ṣọ́nà kò jẹ́ kó wọlé, ó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá irin náà. Mo sáré lọ bá a.

Ó ní, “Obìnrin kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòṣì wọn, ó dé fìlà pupa. Kò wo bọ́ọ̀lù rárá. Ọwọ́ yín ló ń wò. Ó gbọ́ èdè wa.”

Mo bi í pé báwo ló ṣe mọ̀.

Ojú tì í díẹ̀. Ó ní, “Mo bú yín lẹ́ẹ̀kan. Mo ní orí kunkun yín le ju búrẹ́dì ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Òun ló rẹ́rìn-ín.”

Mo kọ ọ́ sára pátákó fún gbogbo ilé. Gaines na ọwọ́, ó ní, “Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Brice, ìwọ ni kí o máa pariwo rẹ̀.” Brice dìde, ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun. Ibẹ̀ ni Anton ti sọ̀rọ̀, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀.

Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí Kóòṣì Verlin máa pè é lọ bí wọ́n ti ń pè é. A ò ní í ṣe ohun tí wọ́n bá wí ni.”

Orval Teague, ọmọ gìrìwò tó máa ń dúró ní ìpẹ̀kun àwọn géńdé iwájú, bú sẹ́rìn-ín. Gbogbo ilé bá a rẹ́rìn-ín. Gaines kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ta ni yóò wá máa pe òótọ́?”

Anton wolẹ̀. Gbogbo wọn yíjú sí mi, mo sì mọ̀ pé èmi nìkan ló lè sọ ọ́. Emmett, ẹfun ìkọ̀wé wà lọ́wọ́ mi, ó sì wúwo bí ọ̀pá irin. Bí mo bá kọ orúkọ Brice, èmi ni mo pàdánù iṣẹ́. Bí mo bá kọ orúkọ ọmọ yìí tí a sì pàdánù, èmi náà ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló ká mi lọ́wọ́ kò. Ohun tó ká mi lọ́wọ́ kò ni pé n kò gbà rí pé ẹlòmíràn lè rí ohun tí mo ń rí.

Mo kọ ọ́: ANTON. Ó wò ó, ó wò mí, ó sì fi ọwọ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, ó sọ ọ́ síwájú. Ẹ ṣé nìyẹn.

A padà sórí pápá, mo sì pa irọ́ tí n kò pa rí láyé mi. Mo gbé ọwọ́ sókè kí gbogbo ayé rí i, mo ní Abà, kí bọ́ọ̀lù gba ọ̀tún. Onífìlà pupa sọ ọ́ sí kóòṣì rẹ̀ létí, kóòṣì kígbe, àwọn géńdé wọn sì wọ́ lọ sí ọ̀tún bí agbo àgùntàn. Anton sọ tirẹ̀ fún àwọn ọmọ létí, ó gba òsì. Yáàdì méjìlélógún! Ludmila ń fò sókè sódò. Nígbà tó yá, a wọlé, ó di mẹ́rìnlá sí mẹ́wàá. Àwọn náà wọlé, wọ́n di mọ́kànlélógún.

Inú mi dùn, ó sì ń dùn mí. Eré tí Anton ń pè kì í ṣe èyí tí ǹ bá pè. Nígbà mìíràn tirẹ̀ dára ju tèmi lọ, ìyẹn ló sì ta mí jù. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń lọ, mo ń wò ó, àfi bí ẹni tó ń gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń ka ìwé fún ìgbà àkọ́kọ́.

Nígbà tó yá, àwọn Osterfield bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Anton kọjá níwájú mi, ó fi ọwọ́ kan sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀ níbi ìgbànú, ó ní, “Kóòṣì, irọ́ yín ti ń rùn. Ẹ fi òótọ́ díẹ̀ sí i.” Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú fún ẹ̀rín. Mo pe òótọ́ kan, ó gbá a bí mo ti pè é, a sì jèrè yáàdì mẹ́tàdínlógún torí wọ́n ti gba ìdàkejì lọ. Àṣé bí a ṣe ń fèsì síra ẹni nìyẹn. A tún wọlé. Mọ́kànlélógún sí mẹ́tàdínlógún.

Ó wá ku ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án. A wà ní yáàdì mẹ́rin sí ilé wọn, ìgbìyànjú kẹrin ni, òun ló kẹ́yìn. Bí a kò bá wọlé, ó parí. Anton yíjú sí mi, onífìlà pupa náà ń wò mí, Ludmila dúró lórí àga rẹ̀. Eré kan wà lórí mi: Ọgbà, kó jù ú sí ìgun ọ̀tún. Mo fẹ́ pè é, kí ó sì jẹ́ òótọ́. Mo ti gbé ọwọ́ sókè.

Mo sọ ọ́ kalẹ̀. Mo tún gbé e sókè, n kò sì pe eré kankan. Mo fi ọwọ́ wí fún un pé, “Wò wọ́n dáadáa. Ohun tí ojú rẹ bá rí ni kí o pè. Ó wọlé o, kò wọlé o, inú mi dùn sí ọ.”

Mo rí kóòṣì wọn tó fa apá obìnrin náà. Mo rí ẹnu rẹ̀ bó ṣe ń bi í pé, “Kí ló wí? Kí ló wí?” Obìnrin náà mi orí rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ lé àyà.

Anton wo apá ọ̀tún, ó wo òsì, ó pẹ́ díẹ̀. Ó to àwọn ọmọ sí Abà. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́jọ́ náà ló ti to Abà súnmọ́ ilé wọn, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ló sì gbé bọ́ọ̀lù fún asáré tó tóbi jù kó fi kọ lu àárín. Gbogbo Osterfield rọ́ wá sí àárín. Ó na bọ́ọ̀lù sí asáré náà, ó fà á padà. Orval Teague ti ṣubú lulẹ̀ bí ẹni tó kọsẹ̀, gbogbo wọn sì fò ó kọjá. Ó dìde, ó rìn wọ ilé wọn, ó dúró sí òun nìkan. Anton jù ú sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ju ẹyin. Ọwọ́ Orval kò fi bẹ́ẹ̀ mọ bọ́ọ̀lù í mú, nítorí náà ó fi àyà, apá àti àgbọ̀n dì í mọ́ra, ó sì jókòó lé ilẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. A ti wọlé, agolo wàrà di tiwa.

Mo la ẹnu mi, mo pariwo. Afẹ́fẹ́ lásán ló jáde lọ́rùn mi. Ludmila náà ń pariwo, ohùn rẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ rí ròkè ju ti gbogbo èrò lọ, ó sì dùn mọ́ mi létí.

Láàárín ìdìmọ́ra àti ìfọwọ́lùléjìká, Anton bá mi. Ó ní, “Kóòṣì, mo fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sí ìgun ọ̀tún ni o. Mo rò pé òun lẹ máa pè. Ìgbà tí ẹ ní kí n wò ni mo tó wò, mo sì rí àwọn méjì níbẹ̀.” N kò sọ fún un pé òun ni mo fẹ́ pè lóòótọ́. Bóyá ìwọ nìkan ni n óò sọ ọ́ fún.

Onífìlà pupa kọjá wá bá wa. Olùkọ́ àwọn ọmọ adití ni. Ó fi ọwọ́ bẹ̀ wá, ó ní iṣẹ́ tí wọ́n rán òun lòun jẹ́. Ludmila ní kò sí wàhálà, ó fún un ní kolache, ó sì fi kún un pé lọ́dún tó ń bọ̀, gbogbo àmì pátá lòun máa yí padà. Nígbà tí mo fi wọ ọkọ̀, wọ́n ṣì ń rojọ́, ọwọ́ wọn ń fò bí ẹyẹ.

Lánàá, lẹ́yìn ìsìn, Gaines dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní, “Ìwọ ni lọ́dún tó ń bọ̀, Verlin.” Mo kọ ọ́ fún un pé, “Èmi àti Anton.” Ó ní, “Brice ńkọ́?” Mo kọ ọ́ pé, “Kó wá kọ́ èdè ọwọ́.” Ó rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Emmett, ọ̀rọ̀ kan ló kù. Marguerite kọ̀wé sí Lorene. Ó ní o máa ń gbé tẹlifóònù ní ọjọ́ Àìkú, o máa tẹ nọ́ńbà wa, kó tó dún o ti gbé e sílẹ̀, nítorí o rántí pé n kò lè dáhùn. Mi ò bínú pé o kò tíì wá láti oṣù Kejì. Èmi náà ì bá bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n mo ń bẹ̀ ọ́, lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, jẹ́ kó dún. Lorene yóò gbé e sí mi létí. Etí mi kò ní nǹkan kan tó ṣe é, ohùn rẹ sì ń wù mí í gbọ́. Sọ ohunkóhun tó bá wá sí ọ lẹ́nu, àní kí o máa sọ ti ajá yín. N óò gbá tábìlì lẹ́ẹ̀kan fún bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́ẹ̀méjì fún bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí o bá sì gbọ́ tí mo ń gbá a léraléra tí n kò dẹ́kun, ẹ̀rín ni mo ń rín.

Bá mi kí Marguerite púpọ̀púpọ̀, kí o sì bá mi gbá àwọn ọmọ ọmọ yín mọ́ra. Lorene ní kí ẹ máa mu omi dáadáa nínú ooru yẹn. Ludmila tí o kò tíì rí náà kí ọ, ó ní òun ti gbọ́ nípa rẹ lẹ́nu ọwọ́ mi.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà ni,

Verlin Dahlke